Títo Ipò Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Iwájú Ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn: Òṣùwọ̀n àti Ìdájọ́

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni bí a ṣe lè fi ẹ̀rí to àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú tí ó ta yọ jù lọ nínú ìtàn ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn sí ipò kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Níbikíbi tí àwọn ọkùnrin tí ó ti dàgbà díẹ̀ bá ti péjọ, ì báà jẹ́ ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn tàbí ní àdúgbò Basin níbí ní Ìlọrin, kì í pẹ́ tí ìjiyàn yóò fi bẹ́ sílẹ̀: ta ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù, Ọdẹ́gbàmí ni tàbí Yẹkínì? Ẹni kan yóò ka góòlù, ẹni kejì yóò ka ife-ẹ̀yẹ, ẹni kẹta yóò búra pé ìṣojú òun ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, oníkálùkù yóò gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú èrò tí ó gbé wá.

Kì í ṣe àìmọ bọ́ọ̀lù ni ó ń fa èyí. Ohun tí ó ń fà á ni pé àwọn ajiyàn kò fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ń fi kóńgò wọn àgbàdo àti ẹni tí ó ń fi igbá wọ̀n ọ́n kò lè ní iye kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ dúró ti àpò kan náà. Iṣẹ́ wa ni láti kọ́kọ́ wá òṣùwọ̀n kan, kí a sì fi í wọn gbogbo wọn láìṣe ojúsàájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wá pé kí ni ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ eré, èsì wa ni pé ẹni tí a bá tò síwájú ni àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò mọ̀. Ẹni tí a kò bá tò rárá, orúkọ rẹ̀ yóò parẹ́ bí àwọn tí ojú wọn rí eré rẹ̀ bá ti ń kú tán. Ní báyìí, púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́rìí ọdún 1976 ti lọ.

2. Ipò nínú èrò Yorùbá

Kí a tó dé orí pápá, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà to ènìyàn sí ipò. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti ẹni tí ó ṣáájú dé. Ìyàwó tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ni ìyálé, bí ẹni tí ó tẹ̀ lé e tilẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí ó borí. A rí èyí nínú ayò ọlọ́pọ́n: ẹni tí ó ń pa ayò ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń pa ni ọ̀pẹ, ọmọdé sì lè jẹ́ ọ̀ta níwájú bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè ọdún tí wọ́n bí ọ̀ta.

Nínú ìjiyàn bọ́ọ̀lù, àwọn ènìyàn a máa da ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Bí a bá gbọ́ pé "kí Yẹkínì tó dé Ìbàdàn ni Awẹ́sù ti ń gbá bọ́ọ̀lù", òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ipò ìyálé ni, kì í ṣe ẹ̀rí ipò ọ̀ta.

Ohun kẹta tí ó tún máa ń da ọ̀rọ̀ rú ni oríkì. Ní àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, etí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ernest Okonkwo, asọ̀rọ̀ lórí rédíò tí kò sí ẹni tí kò mọ ohùn rẹ̀ nígbà náà, a máa fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní orúkọ ìnagijẹ: "Mathematical" ni Ọdẹ́gbàmí, "Chief Justice" ni Adokiye Amiesimaka, nítorí pé ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Bí a bá yẹ àwọn orúkọ yìí wò, iṣẹ́ oríkì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fi ìwà ẹni hàn, wọ́n sì ń mú orí ẹni wú. Ṣùgbọ́n oríkì kì í to ènìyàn sí ipò. Nínú oríkì, kò sí ìdílé tí kì í ṣe àkọ́kọ́. Nítorí náà, adùn orúkọ kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí níwájú wa, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

3. Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti mú irú títò yìí ní ọ̀ràn-an-yàn. Nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, agbábọ́ọ̀lù kan wà tí ó máa ń dúró ní etí pápá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sáré kọjá ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ, kí ó sì hán bọ́ọ̀lù tí ẹnìkejì rẹ̀ jù sí i láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí yunifásítì ńlá kan níbẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ahánbọ́ọ̀lù tiwọn láti àtètèkọ́ṣe. Ìjiyàn tiwọn rọrùn ju tiwa lọ ní ọ̀nà kan: gbogbo bọ́ọ̀lù tí a hán àti gbogbo ìwọ̀n ilẹ̀ tí a fi sá ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ kò pa ìjiyàn. Ẹ jẹ́ kí a wo Jerry Rice, tí ó ṣeré fún Mississippi Valley State, yunifásítì kékeré kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ, láti ọdún 1981 sí 1984. Ní ọdún 1984 nìkan, bọ́ọ̀lù tí ó hán tí ó sì já sí àmì ayò jẹ́ 27. Àwọn kan sọ pé àwọn ẹgbẹ́ tí ó bá pàdé kò lágbára, àti pé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Archie Cooley, ti ṣètò eré náà kí wọ́n lè máa ju bọ́ọ̀lù ṣáá. Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹgbẹ́ San Francisco mú un ní ọdún 1985, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé agbára rẹ̀ kì í ṣe ti abúlé.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkíní, iye nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ béèrè pé ta ni ó ń gbé bọ́ọ̀lù fún un, ta sì ni ó ń dojú kọ. Èkejì, bí wọ́n bá ń to àwọn ọmọ yunifásítì kan, ohun tí ẹni náà ṣe fún yunifásítì yẹn ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ohun tí ó lọ ṣe lẹ́yìn tí ó kúrò. Ìlànà kejì yìí ni yóò gbé wa dé ibi tí ó le jù nínú bébà yìí.

4. Ẹgbẹ́ náà àti àwọn ọdún rẹ̀

Orúkọ ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí ti yí padà nígbà púpọ̀. Wọ́n pè é ní WNDC nígbà tí ó wà lábẹ́ àjọ tí ó ń rí sí ìdàgbàsókè ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó di IICC Shooting Stars lábẹ́ àjọ ìdókòwò ìjọba. Lẹ́yìn náà ni ó di Shooting Stars Sports Club, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní 3SC. Ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní ọdún 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ó gba ife Challenge ní 1971, 1977, 1979 àti 1995.

Ọdún 1976 ni ògo rẹ̀ tàn jù. Ní ọdún náà, ó na Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla, ní 4 sí 1 ní Ìbàdàn. Bí wọ́n tilẹ̀ na òun náà ní 1 sí 0 ní Kamẹrúùnù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4 sí 2, ó sì gba ife àwọn olúborí ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Ní ọdún 1977, Rangers ti Ẹnúgù dá a dúró ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, pẹnáritì ni wọ́n sì fi yanjú rẹ̀. Ní 1984, ó dé àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti Íjíbítì na án ní 2 sí 0 ní Káírò àti 1 sí 0 ní Èkó. Ó gba ife CAF ní 1992, ó sì tún pàdánù lọ́wọ́ Zamalek kan náà ní àṣekágbá 1996, nípa pẹnáritì.

Nínú gbogbo ọdún yìí, sáà 1976 sí 1984 ni a ó gbé yẹ̀ wò, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn mẹ́rin tí ìjiyàn ń dá lé lórí ti ṣeré.

5. Òṣùwọ̀n mẹ́rin

Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni a ó lò, a ó sì lò wọ́n bí a ṣe tò wọ́n yìí:

(a) Iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe fún ẹgbẹ́ náà gan-an, pẹ̀lú àwọn ife-ẹ̀yẹ tí ó bá wọn gbà.
(b) Iye ọdún tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà láìrẹ̀yìn.
(d) Ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ le, pàápàá níwájú àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè.
(e) Ìrànlọ́wọ́ tí eré rẹ̀ jẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nípa eré fún Nàìjíríà, a ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nìkan. Bí a bá pe ènìyàn sí ikọ̀ Nàìjíríà nígbà tí ó wà ní Ìbàdàn, èyí fi hàn pé àwọn tí kì í ṣe ará Ìbàdàn náà rí i pé ó tó. Ṣùgbọ́n a kò ní ka góòlù tí ó gbá fún Nàìjíríà mọ́ ti ẹgbẹ́.

6. Àwọn mẹ́rin náà

6.1 Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1952. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì jẹ́ ẹni tí ó kàwé: ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní Pólì Ìbàdàn. Àwọn ọdún 1970 títí dé 1984, Shooting Stars nìkan ni ó gbà gẹ́gẹ́ bí ilé. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1976, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Zamalek nà wọ́n ní 1984.

Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lágbára. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó sì gbá góòlù 23 wọlé. Èyí túmọ̀ sí góòlù kan nínú eré méjì-méjì. Fún ẹni tí ó dúró sí àárín iwájú, èyí dára. Fún ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ní ìdíje Áfíríkà ọdún 1978, òun àti àwọn méjì mìíràn ni wọ́n gbá góòlù jù, mẹ́ta-mẹ́ta. Ní 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá Sùúrùlérè ní Èkó, Nàìjíríà na Àlùjíríà ní 3 sí 0 nínú àṣekágbá, wọ́n sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí ni ó gbá méjì nínú mẹ́ta náà wọlé, kí wọ́n tó lọ sinmi. Ọmọ ẹgbẹ́ Ìbàdàn ni ó ṣì jẹ́ ní ọjọ́ náà.

6.2 Adékúnlé Awẹ́sù. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni tirẹ̀. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ipò kẹta ní ìdíje Áfíríkà ọdún 1976, ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gba líìgì tí ó sì gba ife Áfíríkà. Bí a bá ń wá ọdún kan ṣoṣo tí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ òsì kan lè fi gbéraga ní Ìbàdàn, kò sí èyí tí ó ju 1976 lọ. Ó kú ní ọdún 2011. Ìjìyà tirẹ̀ ni pé ó ṣeré ṣáájú kí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó wọ ilé púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jiyàn lónìí kò rí i rí. Ṣùgbọ́n àìrí wa kò sọ eré rẹ̀ di aláìsí.

6.3 Felix Owólabí. Òun náà gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. "Owoblow" ni àwọn olólùfẹ́ ń pè é. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife Áfíríkà ní 1980. Àǹfààní rẹ̀ kò sí nínú kíka góòlù. Bí a bá ní ẹni tí ó léwu ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan, àwọn tí ń ṣọ́ ilé yóò kó jọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fún un pa. Bí ẹlòmíràn bá wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì tí wọn kò lè fi sílẹ̀, wọ́n ní láti pín ara wọn sí méjì. Ẹni tí ó bá ń yin Ọdẹ́gbàmí láìdárúkọ ẹni tí ó wà ní apá kejì pápá, ìdajì eré ni ó rí.

6.4 Ràṣídì Yẹkínì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Kàdúná ni wọ́n ti bí Yẹkínì ní ọdún 1963, ṣùgbọ́n ọmọ Ìrá ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ó dé Ìbàdàn ní 1982, ó sì kúrò ní 1984, ó lọ sí Abiola Babes. Láàárín àkókò náà, ẹgbẹ́ gba líìgì 1983, wọ́n sì dé àṣekágbá 1984.

Lẹ́yìn Ìbàdàn ni ìràwọ̀ rẹ̀ tó tàn ká ayé. Ó lọ sí Abidjan, ó lọ sí Pọtogí. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 tí ó gbá fún Vitória Setúbal ni ó pọ̀ jù ní líìgì ilẹ̀ náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù ní Áfíríkà, ní 1993. Òun ni ó gbá góòlù jù ní ìdíje Áfíríkà 1992 àti 1994. Ní 21 oṣù kẹfà 1994, ní Dallas, òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá rí nínú ife àgbáyé, nígbà tí wọ́n na Bùgéríà ní 3 sí 0. Góòlù 37 ni ó gbá fún Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó sì fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tí ó bá a níbẹ̀.

7. Ìdájọ́

Bí a bá fi òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀n wọ́n, kò sí àríyànjiyàn nípa ipò kìn-ín-ní. Ọdẹ́gbàmí ni. Òun nìkan ni ó yege nínú gbogbo wọn: ife-ẹ̀yẹ, ọdún púpọ̀, ọjọ́ tí ó le, àti ìrànlọ́wọ́ fún ẹlẹgbẹ́.

A fi Owólabí sí ipò kejì nítorí òṣùwọ̀n (b) àti (e). Ọdún tí ó fi sìn pọ̀, eré rẹ̀ sì ṣí ọ̀nà fún ẹlòmíràn. A fi Awẹ́sù sí ipò kẹta nítorí òṣùwọ̀n (a) àti (d): ipa tirẹ̀ wà nínú ọdún tí ó ga jù nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà.

Yẹkínì ni a fi sí ipò kẹrin. A mọ̀ pé ìdájọ́ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú yàrá yìí, nítorí pé ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ìbéèrè wa. A kò béèrè pé ta ni ó tóbi jù nínú gbogbo àwọn tí ó wọ aṣọ Shooting Stars rí. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, Yẹkínì ni yóò ṣíwájú, Ọdẹ́gbàmí yóò sì tẹ̀ lé e. Ohun tí a béèrè ni pé ta ni ó ṣe iṣẹ́ jù fún Shooting Stars. Ọdún díẹ̀ ni Yẹkínì lò níbẹ̀, ọmọ ogún ọdún ni, líìgì kan ṣoṣo ni ó bá wọn gbà. Ìbàdàn ni oko tí a ti rí ọ̀gbìn náà. Ibòmíràn ni ó ti so. Bí a bá ka èso yẹn mọ́ ti Ìbàdàn, a ó gba ohun tí ó jẹ́ ti Owólabí àti ti Awẹ́sù, tí wọ́n so èso wọn nílé, lọ́wọ́ wọn. A kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ ọmọ ṣe èyí. Ọ̀wọ̀ Yẹkínì kò dín kù: ìwé tirẹ̀ ni ti Nàìjíríà, ó sì wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ níbẹ̀.

8. Ẹni tí títò wa kò lè gbà

Àbùkù kan wà nínú irú títò yìí, ó sì yẹ kí a tọ́ka sí i. Bí a bá to àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, a kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń gbé e fún wọn. Múdàṣírù Lawal ti àárín pápá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdíje Áfíríkà márùn-ún ni ó bá Nàìjíríà lọ, láti 1976 dé 1984, òun ni ó sì gbá góòlù kẹta ní àṣekágbá 1980. Ó kú ní 1991. Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá yọ ọwọ́ Lawal kúrò, kò dá wa lójú pé àyà yóò dún bí ó ti dún.

Èyí kò sọ títò di asán. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé títò kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó parí sí, kí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀ má bàa dà bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́.

9. Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìjiyàn lórí agbábọ́ọ̀lù lè ní ìlànà, bí a bá kọ́kọ́ ya ipò ìyálé sọ́tọ̀ kúrò lára ipò ọ̀ta, tí a ya oríkì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí, tí a sì sọ ìbéèrè wa kedere. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ìdájọ́ wa lè yí òṣùwọ̀n padà. Bí ó bá fi góòlù nìkan wọ̀n, ìtò tirẹ̀ yóò yàtọ̀. Ohun tí a bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kí ó tó sọ ìdájọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù pọ̀. Ìròyìn eré líìgì àwọn ọdún yẹn wà káàkiri nínú àwọn ìwé ìròyìn tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn, bí Daily Sketch àti Gbóhùngbóhùn, kò sì sí ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò fi lè kà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí wọ́n kọ góòlù àti orúkọ ẹni tí ó gbá a sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣeré ní sáà náà ti di àgbà. Kí a lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ ọ́. Bí a bá ṣe iṣẹ́ yìí, ó lè jẹ́ pé ipò kejì àti ìkẹta nínú ìtò wa yóò yí padà. Inú wa yóò dùn sí i, nítorí pé ẹ̀rí ni yóò ti yí wọn padà, kì í ṣe ariwo.